Bí Ẹ̀dínwó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Ìsọ̀ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, a kì í kọ iye àdìrẹ sára aṣọ. Oníbàárà á dá iye kan, ìyá aláṣọ á ní kò gbà, wọn á jọ ná an títí ẹnu wọn á fi kò síbì kan. Kí ìyá aláṣọ tó ní "ó dáa, ẹ mú owó wá," ó ti ṣírò nǹkan mẹ́rin márùn-ún nínú ọkàn rẹ̀: iye tí aṣọ náà dúró sí lọ́wọ́ òun, bóyá oníbàárà yìí ti rajà lọ́wọ́ òun rí, iye yáàdì tó fẹ́ mú, bóyá ọjà ń tà lónìí àbí kò tà. Lẹ́yìn èyí ló tó mọ iye tí òun lè yọ, tó sì mọ ibi tí òun ò ní kọjá.

Bí ìyá aláṣọ kan náà bá gbé ìsọ̀ rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tí yóò wo ojú oníbàárà mọ́. Gbogbo ìdájọ́ tó máa ń ṣe lójú ẹsẹ̀ ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti kọ sílẹ̀ ṣáájú, ní ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí nìyẹn. Lójú tèmi, ìlérí tí olùtajà ṣe ní gbangba ni ẹ̀dínwó. Iṣẹ́ ẹni tó ń kọ áàpù ni láti rí i pé ẹ̀rọ mú ìlérí náà ṣẹ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kò lé, kò dín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pé báwo la ṣe dé iye tí òun san, kí ìwé ọjà náà lè dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí olùtajà ṣe máa ń sọ ọ́. "Iléyá ń bọ̀. Mo fẹ́ yọ 20% lórí gbogbo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹni tó bá sì ra ọjà tó tó ₦50,000, ẹ bá mi yọ ₦5,000 fún un." Ọ̀rọ̀ yìí yé èèyàn. Kò yé ẹ̀rọ rárá. Aago mélòó ni ẹ̀dínwó máa bẹ̀rẹ̀, aago mélòó ni yóò sì dópin? Ṣé ẹnì kan ṣoṣo lè jẹ àǹfààní méjèèjì? ₦50,000 yẹn ńkọ́, ṣé kí a tó yọ 20% ni àbí lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́ tán? Ṣé owó tí a fi ń gbé ẹrù dé ilé oníbàárà wà nínú rẹ̀? Bí oníbàárà bá dá aṣọ kan padà ńkọ́? Ẹni tó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà láì tíì béèrè nǹkan wọ̀nyí yóò dáhùn wọn fúnra rẹ̀ láìmọ̀, olùtajà ni yóò sì san owó rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń tẹnu mọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan iye tí ọjà ń jẹ́ gan-an. Àwọn kan á ṣí ojú ewé aṣọ, wọn á pa ₦20,000 rẹ́, wọn á kọ ₦16,000 sí i, ó parí. Ọjọ́ kejì Iléyá ni wàhálà máa bẹ̀rẹ̀. Ta ló rántí pé ₦18,500 ni aṣọ aláwọ̀ ẹlú yìí tẹ́lẹ̀, tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ₦19,200? Nínú WooCommerce, tí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tó wà lórí WordPress ń lò, àyè méjì ló wà fún ọjà kọ̀ọ̀kan: Regular price fún iye gidi, Sale price fún iye ẹ̀dínwó, pẹ̀lú ibi tí a ti ń yan ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, ètò náà á padà sórí iye gidi fúnra rẹ̀. Bí a bá ń kọ áàpù tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀, a lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí gbogbo àyípadà iye ọjà di ìlà tuntun nínú database, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti orúkọ ẹni tó ṣe é, kí a má sì pa ìlà àtijọ́ rẹ́ láé.

Àkọsílẹ̀ yẹn wúlò ju ká kàn rántí iye àná lọ. Àwọn olùtajà kan wà tí wọ́n máa ń gbé owó ọjà sókè ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Black Friday, kí wọ́n lè fagi lé iye ńlá náà lọ́jọ́ tó bá pé, kí wọ́n sì sọ pé àwọn yọ ìdajì. Ìtànjẹ ni, mi ò sì rí orúkọ mìíràn tó yẹ ẹ́. Ní àwọn orílẹ̀-èdè European Union, òfin ti mú un: láti ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, olùtajà tó bá kéde pé òun dín owó kù gbọ́dọ̀ fi iye tó kéré jù lọ tí òun ti ta ọjà náà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó ṣáájú hàn gẹ́gẹ́ bí iye àtijọ́. Ẹni tó ń ta àdìrẹ fún àwọn èèyàn wa ní Jámánì tàbí Ireland kò lè sọ pé èyí kò kan òun. Nílé níbí, òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, sílẹ̀ kò gbà kí olùtajà gba owó tó ju iye tó pàtẹ lọ lọ́wọ́ oníbàárà, ó sì kọ ìpolówó tó ń ṣini lọ́nà. Áàpù tó fi ₦16,000 hàn lójú ewé ọjà, tó wá ń béèrè ₦20,000 níbi ìsanwó, ti rú òfin.

Oríṣi ẹ̀dínwó kò pọ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. A lè yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. A lè yọ iye kan pàtó. A lè ní ra méjì, gba ẹ̀kẹta lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe ní èènì kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà. A lè gbé ẹrù lọ fún oníbàárà láìgba owó ọkọ̀. Ìyókù jẹ́ àdàlù àwọn wọ̀nyí. Síbẹ̀, ibì kan wà tí olùtajà máa ń kó sí, èyí sì ni iye pàtó. WooCommerce ní Fixed cart discount, ó sì ní Fixed product discount, orúkọ wọn sì jọra débi pé ẹni tó ń kánjú lè mú èkejì dípò àkọ́kọ́. Ẹ gbà pé kóòdù ₦1,000 ni. Bí ó bá jẹ́ ti gbogbo agbọ̀n, oníbàárà tó ra aṣọ márùn-ún máa rí ₦1,000 yọ. Bí ó bá jẹ́ ti ọjà kọ̀ọ̀kan, ₦5,000 ló máa yọ, nítorí pé ètò náà á yọ ọ́ lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Méjèèjì ló tọ̀nà. Ọ̀kan ṣoṣo ni olùtajà fẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le gan-an ni ibi tí ẹ̀dínwó méjì ti pàdé. Ẹ padà sórí ìyá aláṣọ wa. Oníbàárà kan kó àdìrẹ ẹlẹ́kọ mẹ́ta, ₦20,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, sínú agbọ̀n. ₦60,000 ni. Bí a bá kọ́kọ́ yọ 20%, ó ku ₦48,000; bí a bá wá yọ ₦5,000, ó ku ₦43,000. Bí a bá kọ́kọ́ yọ ₦5,000, ₦55,000 ló kù, 20% rẹ̀ jẹ́ ₦11,000, oníbàárà á san ₦44,000. Ọjà kan náà, ẹ̀dínwó kan náà, ₦1,000 wà láàárín wọn nítorí èwo ló ṣáájú. Ó tún ku ìbéèrè tó jù ú lọ: lẹ́yìn tí a ti yọ 20%, ₦48,000 kò tó ₦50,000 mọ́. Ṣé ó ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí ₦5,000 náà? Kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Òfin ìṣirò kankan kò sì lè sọ fún un, nítorí ìyá aláṣọ nìkan ló mọ ohun tó ní lọ́kàn. Èmi a máa gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi iye tó kù lẹ́yìn ẹ̀dínwó ọjà díwọ̀n agbọ̀n, nítorí owó tó ń wọlé gan-an nìyẹn, àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sójú ìpolówó ní gbangba pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tún rò pé 20% àti 10% jẹ́ 30%. Kì í rí bẹ́ẹ̀ tí a bá yọ wọ́n tẹ̀ léra. Lórí ₦10,000, 20% mú un dé ₦8,000; 10% tó tẹ̀ lé e kan ₦8,000 yìí nìkan, ó sì mú un dé ₦7,200. 28% la yọ. Bí ìpolówó bá ti kéde pé "30% lápapọ̀," ẹ kọ áàpù kó yọ 30% ní tòótọ́. Ọ̀nà tó ṣe é gbára lé ni kí ẹ̀dínwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń sọ ipò rẹ̀, kí áàpù máa yọ wọ́n ní títò-tẹ̀lé-ara láti orí nọ́ńbà kékeré, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tó ń sọ bóyá ó gbà kí òmíràn dara pọ̀ mọ́ òun. Àwọn ètò tó gbajúmọ̀ ti ní irú àmì yẹn. Nínú WooCommerce, Individual use only ni wọ́n pe ọ̀kan, Exclude sale items ni èkejì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí òpin wà nísàlẹ̀: iye tí ọjà kò gbọ́dọ̀ lọ sábẹ́ rẹ̀ láé, kódà bí kóòdù mẹ́wàá bá pàdé lórí rẹ̀. Ìyá aláṣọ ní ibi tí kì í kọjá; ó yẹ kí ẹ fún áàpù rẹ̀ ní tirẹ̀.

Owó-orí ọjà, VAT, tún wà níbẹ̀. 7.5% ni ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2020. Bí ẹ̀dínwó bá jẹ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí ìyàtọ̀ nínú àpapọ̀, yálà a yọ ọ́ kí a tó fi VAT kún un tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iye pàtó, ìyàtọ̀ wà. Ọjà ₦20,000 tí a yọ ₦2,000 lórí rẹ̀ kí a tó fi VAT kún un á jẹ́ ₦19,350. Bí a bá fi VAT kún un ṣáájú, ₦21,500 ni, a yọ ₦2,000, ó jẹ́ ₦19,500. Kí olùtajà bi oníṣirò owó rẹ̀ léèrè èyí tó bá ìwé rẹ̀ mu, kí ó sì ti pinnu bóyá VAT wà nínú iye tó kọ síta àbí kò sí níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kan.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí kọ́bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ áàpù máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá dárúkọ rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi kọ́bọ̀ ra nǹkan mọ́. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ ni ilé iṣẹ́ ìsanwó Paystack ń gbà: ẹni tó fẹ́ gba ₦100 gbọ́dọ̀ fi 10000 ránṣẹ́. Ìdí rẹ̀ sì dáa. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nọ́ńbà tó ní àmì ìdá kò pé; bí ẹ bá ní kí JavaScript ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, 0.30000000000000004 ni yóò dá yín lóhùn. Owó gidi kò gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ tọ́jú gbogbo owó ní kọ́bọ̀, ní odidi nọ́ńbà, láti ìgbà tó ti wọ database títí dé ìgbà tí ẹ fẹ́ fi hàn oníbàárà. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti pín in sí ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wo ibi tí èyí ti ń ṣiṣẹ́. Oníbàárà mìíràn ra àdìrẹ oníko mẹ́ta, èyí tí kò sí lábẹ́ 20%: méjì jẹ́ ₦20,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹta jẹ́ ₦15,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦55,000, ó ju ₦50,000 lọ, a yọ ₦5,000, ó san ₦50,000. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lọ́sẹ̀ kejì, ó dá aṣọ ₦15,000 padà. Èló ni a máa dá padà fún un? Bí áàpù bá dá ₦15,000 padà, ó ti dá owó tí oníbàárà kò san padà. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ pín ₦5,000 náà sórí aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ọjọ́ tí a ti tà wọ́n, gẹ́gẹ́ bí owó ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó.

₦5,000 jẹ́ 500,000 kọ́bọ̀. Ìpín aṣọ ₦20,000 kọ̀ọ̀kan jẹ́ 181,818 kọ́bọ̀ àti èérún díẹ̀. Ti aṣọ ₦15,000 jẹ́ 136,363 kọ́bọ̀ àti èérún tó ju ìdajì kọ́bọ̀ lọ. Bí a bá gé èérún kúrò lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a sì ro wọ́n pọ̀, 499,999 ni. Kọ́bọ̀ kan ti sọnù. Ọ̀nà tí a ń gbà wá a rí ni pé kí a fún aṣọ tí èérún rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní kọ́bọ̀ tó ṣẹ́ kù: aṣọ ₦15,000 á gba 136,364, ìwé á sì gún régé ní 500,000. Nítorí náà, iye tí oníbàárà san lórí aṣọ yẹn gan-an jẹ́ ₦13,636.36, òun náà ló sì yẹ kí áàpù dá padà. Kọ́bọ̀ kan kéré lójú. Ṣùgbọ́n tí ọ́dà bá pọ̀, kọ́bọ̀ kan kan yìí ló ń mú kí ìwé ìsọ̀ àti ìwé báǹkì má bára mu, akọ̀wé owó á sì máa fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ wá ohun tí kò sí níbì kankan.

Ó ku ìbéèrè kan lórí aṣọ tó padà yẹn. Èyí tó kù lọ́wọ́ oníbàárà jẹ́ ₦40,000, kò dé ₦50,000 tó mú ẹ̀dínwó wá. Àwọn olùtajà kan á gba ẹ̀dínwó wọn padà pátá, wọ́n á sì dá owó díẹ̀ padà. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí oníbàárà kì í retí rẹ̀, ìjà ló sì sábà máa ń dá sílẹ̀. Àmọ́ bí olùtajà bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti wà lójú ewé kí oníbàárà tó sanwó.

Gbogbo ìṣirò tí mo ti ń sọ yìí, orí server ni kó ti wáyé. Áàpù orí fóònù lè ṣírò tirẹ̀ kí ojú oníbàárà lè tètè rí i, ṣùgbọ́n ohun tí fóònù bá sọ kò gbọ́dọ̀ di owó. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe lè ṣí aṣàwákiri rẹ̀, kó yí 2000000 padà sí 200000 kí ó tó fi ránṣẹ́. Ohun tí server yẹ kó gbà láti ọwọ́ fóònù kò ju èyí lọ: ọjà wo, mélòó, kóòdù wo. Iye rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá a nínú database. Bí ilé iṣẹ́ ìsanwó bá sì ròyìn pé owó ti wọlé, kí server tún béèrè lọ́wọ́ wọn pé èló ló wọlé, kí ó fi wé iye tó wà lórí ọ́dà, kí wọ́n tó di ẹrù.

Kóòdù ẹ̀dínwó ní ìdààmú tirẹ̀. Ẹ gbà pé ìyá aláṣọ ní kóòdù ILEYA20 wà fún ọgọ́rùn-ún èèyàn àkọ́kọ́. Àwọn tó kọ áàpù ní ìkánjú máa ń kọ ọ́ báyìí: wo iye tó ti lò ó, bí kò bá tíì pé ọgọ́rùn-ún, gbà á, lẹ́yìn náà fi ọ̀kan kún iye náà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí èèyàn kan ṣoṣo bá ń dán an wò. Lálẹ́ ọjọ́ tí ìpolówó bá jáde lórí WhatsApp, èèyàn méjì á tẹ bọ́tìnnì ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Server á wo ti àkọ́kọ́, á rí 99. Kó tó fi ọ̀kan kún un, á wo ti èkejì, á tún rí 99. Àwọn méjèèjì á wọlé. Bí ìgbà bá pọ̀ tí èyí ń ṣẹlẹ̀, ọgọ́rùn-ún á di ọgọ́fà kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ. Kí wíwò àti fífi-kún jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí database ń ṣe láìjẹ́ kí ẹlòmíràn bọ́ sáàárín:

UPDATE koodu SET ti_lo = ti_lo + 1 WHERE oruko = 'ILEYA20' AND ti_lo < 100

Bí database bá fèsì pé ìlà kan yí padà, oníbàárà ti rí kóòdù rẹ̀ lò. Bí ó bá ní kò sí ìlà tó yí padà, kóòdù ti tán, kí áàpù sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ rántí láti yọ ọ̀kan kúrò nínú iye náà bí oníbàárà bá mú kóòdù tí kò sì sanwó títí àkókò fi kọjá, kí àwọn tó kàn ṣí agbọ̀n sílẹ̀ má baà gba àyè àwọn tó fẹ́ rà ní tòótọ́.

Bí kóòdù bá jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe ILEYA001, ILEYA002. Ọmọ ọdún méjìlá lè ka ìyókù. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣa lẹ́tà jọ láìtẹ̀lé ètò, kí ẹ sì yọ O àti 0, I àti 1 kúrò nínú rẹ̀, nítorí ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ lórí fóònù kékeré. Ẹni tó ń ṣe àdàkọ kóòdù láti inú WhatsApp sì sábà máa ń gbé àlàfo kan mọ́ ọn. Áàpù ló yẹ kó gé e kúrò, kó sì ka ileya20 àti ILEYA20 sí ọ̀kan náà. Bí kóòdù kò bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀. "Kóòdù yìí kò dára" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. "Ó ku ₦3,500 kí agbọ̀n yín tó pé ₦50,000" lè mú kí oníbàárà fi fìlà kan kún ọjà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni ọ̀pọ̀ áàpù ti ń ṣìṣe. Ọ̀pọ̀ server ń lo aago UTC, tiwa ní Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, láìyí padà yípo ọdún. Bí olùtajà bá kọ pé ẹ̀dínwó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru ọjọ́ Jímọ̀, aago mọ́kànlá alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni lójú server. Ẹni tí kò bá yí i padà bó ṣe yẹ á jẹ́ kí ọjà bẹ̀rẹ̀ ní aago kan òru, lẹ́yìn tí àwọn tó ṣọ́ ọ ti bínú lọ sùn. Fún àwọn oníbàárà wa ní London, aago wọn àti tiwa bára mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Nígbà òtútù, wọ́n fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Ti New York jẹ́ wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà. Nítorí náà, kí ìpolówó sọ aago ìlú tó ń lò, kí áàpù sì fi aago ibi tí oníbàárà wà hàn án.

Iléyá pàápàá ní tirẹ̀. Oṣù ni a ń wò kí a tó mọ ọjọ́ rẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ni Sultan Sókótó máa ń kéde ọjọ́ tí ìkíní oṣù Dhul-Hijjah bọ́ sí. Bí ẹni tó kọ áàpù bá ti kan ọjọ́ mọ́ inú ètò áàpù náà, olùtajà kò lè yí i padà láìpè é. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí, ìdá tí a ń yọ, ọjà tó kàn: àyè ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ lójú ewé tí olùtajà ń ṣí fúnra rẹ̀. Kí ojú ewé yẹn sì fi àbájáde hàn án kí ó tó tẹ bọ́tìnnì: "Ẹ ó máa ta aṣọ ₦20,000 yìí ní ₦16,000, ₦14,500 ló dúró sí lọ́wọ́ yín." Ìka tó ṣèèṣì tẹ 80 dípò 8 máa rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Lójú oníbàárà, kí iye àtijọ́ tí a fagi lé àti iye tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ̀dínwó kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀ níbi ìsanwó, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti iye tó yọ. Ní ìsàlẹ̀, nínú database, kí ọ́dà gba àdàkọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tí a tà á: iye aṣọ nígbà náà, ẹ̀dínwó wo ló kàn án, kọ́bọ̀ mélòó, VAT mélòó. Kí áàpù má tún un ṣírò lẹ́yìn náà láé. Iye ọjà á yí padà, ẹ̀dínwó á parí, wọn á pa kóòdù rẹ́, ṣùgbọ́n ọ́dà ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ máa sọ ohun kan náà.

Ó ku oníbàárà tó wà lẹ́nu ààlà. Ẹ̀dínwó parí ní aago méjìlá òru. Ó kó ọjà sínú agbọ̀n ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, ó yan ìsanwó nípasẹ̀ báǹkì, owó sì gbéra lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ìsọfúnni rẹ̀ kò dé ìsọ̀ títí di ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn àkókò. Gbogbo ẹni tó ń fi transfer ra nǹkan ní Nàìjíríà mọ ìdúró yìí. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n kọ ni pé àkókò tí oníbàárà tẹ bọ́tìnnì ìsanwó ni a ó fi ka ẹ̀dínwó, a ó sì fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí owó fi wọlé, kí ó máa rí aago náà lójú ewé. Bí owó bá dé láàárín rẹ̀, ìlérí dúró. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí server má dá owó náà nù, kí ó má sì fúnra rẹ̀ pinnu láti gba àfikún. Kí ó gbé ọ́dà náà sápá kan, kí ó fi nọ́ńbà fóònù oníbàárà hàn olùtajà, kí ìyá aláṣọ pè é fúnra rẹ̀.